Orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé Lójú Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà mẹ́jọ ló wà nínú orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mẹ́rin nínú wọn ló sì gbé àmì. Bí èèyàn bá gbé kọ̀ǹpútà tuntun kalẹ̀ bí wọ́n ṣe kó o dé láti òkè òkun, tí kò tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, ìka rẹ̀ kò ní rí ọ̀kan ṣoṣo tẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Imesi-Ile ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ náà la sì ń bá a nínú ìwé ìjọba, nínú ìwé ẹ̀rí, lórí àwòrán ilẹ̀ inú fóònù, títí kan ìwé ìpè tí àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ń tẹ̀ fún ìnáwó. Ó ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé àmì ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán tí kò kan ẹnikẹ́ni àfi olùkọ́ Yorùbá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìlú ń jẹ́ kọ́ ló ń wà lórí ìwé wọ̀nyẹn.

Nínú lẹ́tà mẹ́rin náà, mẹ́ta kò le: Ì, í àti é. Àwọn ará Faransé, Ítálì àti Pọtogí ń lo irú wọn lójoojúmọ́, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà sì ti rò ó mọ́ iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀kẹrin ni wàhálà wà, ìyẹn ẹ̀, tó ní àmì lábẹ́, tó tún ní òmíràn lórí. Kò sí èdè ńlá kankan ní Yúróòpù tó ń kọ e báyìí. Ohun tí kò sí nílé oníṣòwò, kì í gbé e wá sọ́jà.

Ìlú tí ayé gbúròó rẹ̀ sì ni Ìmẹ̀sí-Ilé. Nígbà Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, tí àwọn Ìbàdàn wà lọ́wọ́ Igbájọ. Agbègbè yẹn náà ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà méjèèjì, ti ń gbé ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà láti àgọ́ kan lọ sí èkejì. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ṣètò ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì Road to Health ti jáde, èyí tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé, tí wọ́n fi ń wò ó lóṣooṣù bóyá ọmọ ń wúwo sí i bó ṣe yẹ. Káàdì yẹn lọ káàkiri ayé. Àwọn dókítà tí kò lè fi ìka tọ́ka sí Nàìjíríà lórí àwòrán ilẹ̀ ka orúkọ ìlú yìí nínú ìwé ìwádìí, ṣùgbọ́n Imesi lásán ni wọ́n kà.

Kálàmù ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 yẹn. Kálàmù kì í ṣe ojúsàájú èdè: ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ yóò kọ e, yóò sàmì sí abẹ́ rẹ̀, yóò fa ìlà sórí rẹ̀, ó parí. Inú ayé kálàmù ni wọ́n ti dá àkọtọ́ Yorùbá sílẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS ń wá bí wọ́n ṣe máa ya ìró e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, àti o kúrò lára ọ, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Karl Richard Lepsius, gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan jáde lọ́dún 1855 tó fẹ́ kí gbogbo èdè ayé lè lò. Àmì abẹ́ lẹ́tà wà nínú rẹ̀. CMS tẹ́wọ́ gbà á, ó sì bá Yorùbá lára mu. Ìpàdé kan tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ àkọtọ́ yìí ní Èkó lọ́dún 1875. Àtúnṣe mìíràn tẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún ogún, títí ìjọba fi fọwọ́ sí èyí tí à ń lò nísinsìnyí lọ́dún 1974. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kankan nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí, kò sì yẹ kí wọ́n béèrè.

Taipuráítà ló kọ́kọ́ mú ìnira dé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é fún títà ní àwọn ọdún 1870, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ ètò bọ́tìnì rẹ̀, láti Q dé P lókè, ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wa dòní. Àwọn akọ̀wé tó gbọ́n máa ń tẹ o, wọn a dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn ní lẹ́tà kan, wọn a yí róòlù díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ àmì ìdánudúró sí abẹ́ o náà. Àmì ohùn di ti bírò. Bí ojú ewé kan bá ní igba ọ̀rọ̀, ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n máa yí róòlù. Ọ̀pọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀, a ò sì lè bá wọn wí.

Ibi tí mo ti ń bá ìjọba àti àwọn akọ̀wé wí ni ohun tí a ṣe sí orúkọ Òṣogbo àti Iléṣà. Láyé àwọn òyìnbó, Oshogbo àti Ilesha ni wọ́n ń kọ. Kì í ṣe Yorùbá tó dára, ṣùgbọ́n h tó wà níbẹ̀ ń sọ fún àlejò bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà. A wá sọ pé h yẹn kì í ṣe tiwa, ṣ ni tiwa, òótọ́ sì ni. A yọ h kúrò, ṣùgbọ́n a ò fi àmì tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ sí abẹ́ s. Osogbo àti Ilesa la wá ń kọ báyìí, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá sì ń pè é bó ṣe rí i. A pàdánù èyí tí òyìnbó fún wa, a ò sì lo èyí tí àwọn baba wa nínú ìmọ̀ Yorùbá ṣètò fún wa. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991 gba orúkọ odò Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n lórí ìwé ìjọba rẹ̀, Osun ló ń jẹ́. Orúkọ òrìṣà ni, orúkọ odò ni, bẹ́ẹ̀ àmì mẹ́ta péré ló fẹ́.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìnira náà yí àwọ̀ padà. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. A ńlá jẹ́ 65 fún un, B jẹ́ 66. Àtòjọ nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1963, tí wọ́n pè ní ASCII, kò ní ju àyè 128 lọ, wọ́n sì ti fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, fígọ̀ àti àṣẹ ẹ̀rọ kún un. Wọ́n wá sọ ọ́ di 256 fún àwọn ará Yúróòpù. Á, à, é, è, ó, ò, gbogbo wọn rí àyè. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé dá ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n ya fọ́ǹtì kan, wọ́n mú àyè tí wọn kò fẹ́ lò nínú 256 yẹn, wọ́n ya ẹ sí ọ̀kan, ọ sí òmíràn. Lójú, ó dára. Ìwé tẹ̀ jáde, àmì pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ á dojú rú, ẹ á rí àmì owó níbi tó yẹ kí ẹ wà, ẹ á rí àmì ìbéèrè níbi tó yẹ kí ọ wà. Iṣẹ́ ìwé púpọ̀ ti bà jẹ́ báyìí, ìwé tí èèyàn jókòó tì fún ọdún gbọọrọ. Àwọn òǹkọ̀wé kan ń gbé fọ́ǹtì kiri pẹ̀lú ìwé wọn bí ẹni gbé àwo kiri pẹ̀lú oúnjẹ.

Unicode ló gbà wá. Àjọ kan ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kò ní yí padà láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Láti 1993 ni ẹ àti ọ ti wà níbẹ̀: 1EB9 ni nọ́ńbà ẹ, 1ECD ni ti ọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe fi wọ́n sí i. Èdè Vietnam ló ń lo àmì abẹ́ e àti o, ohùn ló sì dúró fún lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣ ní tirẹ̀ bá àwọn tó ń fi lẹ́tà òyìnbó kọ Sáńsíkíríìtì ìgbàanì dé. Inú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a wọ̀, ọkọ̀ náà sì gbé wa dé ibi tí à ń lọ.

Àfi ibì kan. Nítorí pé àmì abẹ́ jẹ́ ohùn lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, wọn kì í fi ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ lé ẹ lórí mọ́. Ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn títí dòní. Ègé méjì la fi ń tò ó: ẹ lákọ̀ọ́kọ́, àmì ohùn tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà á wá gbé èkejì gun orí èkíní. Àjọ Unicode sì ti pinnu pé àwọn kò ní fún lẹ́tà tí a lè tò báyìí ní nọ́ńbà tuntun mọ́. Inú ń bí àwọn kan nínú wa sí ìpinnu yẹn, wọ́n ní wọ́n fojú di Yorùbá. Èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Bí ètò bá pé, ẹni tó ń tẹ̀wé kò ní mọ̀ bóyá ègé kan ni tàbí méjì.

Ìṣòro tòótọ́ wà nínú wíwá ọ̀rọ̀. Ẹ̀ kan ṣoṣo yìí, ọ̀nà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà lè gbà fi pa mọ́: ẹ tí a fi ohùn kún, è tí a fi àmì abẹ́ kún, tàbí e lásán tí a fi àmì méjèèjì kún, abẹ́ ṣáájú tàbí orí ṣáájú. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣètò dáadáa, ìlú mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ìmẹ̀sí-Ilé, ẹni tó bá sì ń wá ìkan kò ní rí mẹ́ta yòókù. Àwọn tó ń ṣe àtòjọ orúkọ fún ilé ẹ̀kọ́, ìjọ àti ilé ìfowópamọ́ ní láti mọ èyí, nítorí àtúnṣe rẹ̀ wà, ó sì rọrùn: kí wọ́n sọ fún ẹ̀rọ pé kó kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ìrísí kan kó tó wá a.

Ní ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan gbé iṣẹ́ wá fún ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi bírò kọ oríkì bàbá náà, ó sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó títí, ó ní, “Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ò ní gbogbo àmì wọ̀nyí o.” Màmá náà ní, “Ó dáa, ọmọ mi, èyí tó bá ní ni kó o tẹ̀.” Ó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan. Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n mú bírò, wọ́n ń sàmì sí ẹ̀dà àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Àwọn àlejò ìsìnkú á rí àmì. Ṣùgbọ́n fáìlì inú kọ̀ǹpútà kò ní in, bí àwọn ọmọ-ọmọ bàbá bá sì wá a kàn lọ́jọ́ iwájú, oríkì tí kò ní ohùn ni wọn yóò bá.

Ọmọkùnrin náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní gbogbo àmì yẹn. Ọ̀nà tí ìka fi ń dé ibẹ̀ ni kò tíì là. A jọ tẹ orúkọ ìlú náà nínú Microsoft Word. Ó di bọ́tìnì Ctrl mú, ó tẹ àmì kékeré tó wà lókè Tab, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó tẹ I ńlá: Ì jáde. Ó tẹ m. Ó tẹ 1EB9, ó di Alt mú, ó tẹ X: nọ́ńbà yẹn pòórá, ẹ jókòó síbẹ̀. Ó tẹ 0300, ó tún di Alt mú, ó tẹ X: àmì ìsàlẹ̀ gun orí ẹ. Ó tẹ s. Ctrl pẹ̀lú àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter, lẹ́yìn náà i, ó di í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé é tó gbẹ̀yìn. Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí òun tẹ orúkọ bàbá òun.

Ọ̀nà pàjáwìrì ni ọ̀nà yẹn o, ó sì ní ọ̀fìn. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ọdẹ, d wà ṣáájú ẹ. Kọ̀ǹpútà á ka d mọ́ nọ́ńbà, nítorí pé láti a dé f wà lára ohun tó fi ń ka nọ́ńbà irú èyí, á wá máa wá D1EB9 tí kò sí níbì kankan. Ẹ ní láti fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn d, kí ẹ padà wá pa àyè náà rẹ́. Ẹni tó fẹ́ tẹ ojú ewé mẹ́wàá kò lè máa ṣe báyìí.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá gan-an ni ojútùú. Kò ní kí ẹ ra ohun èlò tuntun, bọ́tìnì tó wà nílẹ̀ náà lẹ ó lò, ìtumọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń fún un ló máa yí padà. Ó wà nínú Windows: ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó wà nídìí YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí ayélujára, ṣe tiwọn fún Windows àti Mac, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Dókítà Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀, Alt-I, ní Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù àti ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu ẹ̀rọ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ náà tó di ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ. Lórí fóònù, Gboard ti Google ní Yorùbá. Ẹ fi kún un, ẹ ó sì rí ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe: ọ̀rọ̀ tí kíbọ́ọ̀dù wọ̀nyí mọ̀, ti Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa, ulé ni à ń pe ilé, uṣu ni à ń pe iṣu, ọmọ wa tó bá sì fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ yẹ kó rí i tẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ń bá a yí i padà.

Ohun kan wà tó mú kí àwọn èèyàn wa sá fún àmì lórí fóònù, owó ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán gba lẹ́tà 160. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi à, è, é, ì, ò àti ù sínú àtòjọ tirẹ̀, wọn kò fi á, í, ó tàbí ú sí i, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹ. Bí ẹ bá tẹ ẹ ẹyọ kan péré sínú rẹ̀, àyè á já wálẹ̀ láti 160 sí 70. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó lẹ́tà 150, tó yẹ kó lọ lẹ́ẹ̀kan, á pín sí mẹ́ta, owó mẹ́ta ni wọ́n á sì yọ. Ìyá tó ní náírà díẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ kò ní ìdí láti fi ohùn sí “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp, kò sí ẹni tó ń ka iye lẹ́tà yín. Ìdí yẹn ti kúrò nílẹ̀, àṣà tó bí ló kù.

Àwọn ará Vietnam ni mo fẹ́ ká wò. Àmì tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ, ó ń gun orí ara wọn ju tiwa lọ, kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Telex: ẹ tẹ e, ẹ tẹ j tẹ̀ lé e, ẹ máa jáde, ẹ tẹ f, ohùn ìsàlẹ̀ máa jáde, ẹ tẹ s, ohùn òkè máa jáde. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ yàyà, wọ́n sì ń fi àmì sí ìwé ìròyìn wọn, pátákó ìtajà wọn àti ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. 

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kọjá ìwé ìpè àti ìwé ìsìnkú. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè, tó ń ka ìwé sókè, tó ń dáhùn ìbéèrè, inú ohun tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ló ti ń kọ́ Yorùbá. Lọ́dún 2018, olùwádìí kan, Iroro Orife, gbé iṣẹ́ kan jáde tó kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti tẹ̀ láìsí àmì. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí àmì rẹ̀ pé ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kẹ́kọ̀ọ́, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tẹ̀ ẹ́. Nípa orúkọ ìlú àti orúkọ èèyàn, kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ ohùn wọn dájú bí àwọn onílé kò bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ìmẹ̀sí ló máa sọ fún ayé pé Ìmẹ̀sí ni òun.

Lọ́dún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, pín ẹ̀rọ alágbèéká tí ìwé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ tó dùn, tó sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n Opon Imo ni wọ́n sábà ń tẹ̀. Bí ìjọba bá tún fẹ́ ra irú rẹ̀, tàbí tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìmẹ̀sí-Ilé wà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ń tà á pé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dé ọwọ́ ọmọ, pẹ̀lú fọ́ǹtì tó ń gbé àmì méjèèjì síbi tó yẹ, irú Charis SIL tàbí Noto, tí a kì í fi owó rà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí kọ̀ǹpútà kan. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà jọ kọ́ àwọn ọmọ náà, kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún wọn jẹ́ orúkọ ara wọn, orúkọ bàbá àti ìyá wọn, àti ti ìlú wọn.